Ìdáhùn Mẹ́ta, Ìparí Méjì

Wọ́n fún mi ní ìdáhùn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìparí méjì péré ni wọ́n ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ni àwọn oníṣẹ́ géèmù kan lókè òkun, tí n kò mọ ojú wọn, tí wọn ò sì mọ̀ mí. Àwọn tó tún un ṣe ni ẹgbẹ́ àdúgbò wa, ní gbangba, níṣojú mi, nínú ìwé tí èmi fúnra mi fi rúlà fa ìlà sí. Ti àkọ́kọ́ kàn bà mí nínú jẹ́ ni. Ti èkejì gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí rí. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé inú ló ń bí mi, pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Inú ń bí mi. Mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 2009, mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàólójì ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ègbẹ́dá. Yàrá kan ni mo gbà ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ìkòtún, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndò. Aago méjì ọ̀sán ni iṣẹ́ mi máa ń parí. Kò sí ọ̀rẹ́ tí mò ń bẹ̀ wò, kò sí ọkọ tó ń retí oúnjẹ. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ṣọ́ọ̀bù Àlàájà ni mo máa ń yà sí.

Aránṣọ ni Àlàájà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Wọn ò tíì dé Mẹ́kà. Àwọn oníbàárà ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí orúkọ náà ṣáájú wọn débẹ̀. Apá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn pín sí. Lápá òsì, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, àti ṣẹ́ẹ̀fù gíga kan tí wọ́n ń to aṣọ oníbàárà sí. Lápá ọ̀tún, tẹlifíṣọ̀n méjì, ẹ̀rọ géèmù méjì, bẹ́ńṣì kan níwájú wọn. Àbúrò wọn ọkùnrin ló gbé àwọn ẹ̀rọ náà wá sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Kútọnu. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì pé.

Bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn ń gbá lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Èmi nìkan ni mò ń ṣe géèmù onítàn, ìyẹn irú èyí tí èèyàn máa ń wọ ara ẹlòmíì bí ẹni wọ ẹ̀wù, tí á máa rìn láti ìlú dé ìlú, tí á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí á sì máa yan èsì tó fẹ́ fọ̀. Èsì tí èèyàn bá yàn ni yóò sọ bí ìtàn náà á ṣe parí. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀ nìyẹn, gàdàgbà gàdàgbà.

Oníkẹ̀kẹ́ kan wà, ayálégbé bíi tèmi, tí ara rẹ̀ kì í gbà á tó bá ti rí mi lórí bẹ́ńṣì.

"Àǹtí, láti ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ ti ń rìn nínú igbó yìí. Ṣé ẹ ò tíì débẹ̀ ni? Ẹ bọ́ sílẹ̀ jàre, kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé yín."

Àlàájà á dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ wọn, wọn ò ní gbójú sókè: "Fi Tíṣà sílẹ̀. Ìtàn lèmi ń gbọ́ ní tèmi. Bọ́ọ̀lù tìẹ, kí la fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? O gbá a sókè, o gbá a sílẹ̀, o bú ìyá ẹlòmíì."

Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbọ́ ìtàn náà. Àlàájà kì í ka gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ni mò ń sọ fún wọn ní Yorùbá, tí ẹsẹ̀ wọn ò sì ní dúró lórí ẹ̀rọ. Tí mo bá fẹ́ lọ sílé, wọ́n á yọ mẹ́mórì káàdì mi, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ibi tí mo bá ìrìn dé sí, wọ́n á jù ú sínú agolo bọ́tìnnì, wọ́n á ní, "Ó di ọ̀la. Kí wọ́n má lọ pa á o kó o tó dé."

Ìtàn inú géèmù náà kò ṣòro. Ìlú méjì ló ń mu odò kan. Òkè wà lókè, Odò wà nísàlẹ̀. Àwọn Òkè ti mọ ògiri ńlá kan sé odò náà, wọ́n fi géètì irin sí i, wọ́n sì tì í. Wọ́n ní oko àwọn nílò omi. Àwọn Odò ní kí wọ́n ṣí i, ọmọ àwọn ń kú. Àlejò ni èmi, ẹni tí ìlú méjèèjì gbà kó wá la ìjà náà. Ibikíbi tí mo bá dé, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún mi: kí n gbè sí Òkè, kí n gbè sí Odò, tàbí kí n sọ pé n kò gbè sí ẹnì kan.

Ìkẹta ni mo ń yàn nígbà gbogbo. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Nílé wa, bàbá mi ní ìjókòó tiwọn, ìyá mi ní tiwọn, èmi ní àárín. Tí wọ́n bá ní, "Ìwọ náà sọ̀rọ̀, ta ló jàre?", omi ni mo máa ń lọ bù mu nínú kíṣìnnì. N kò mọ ìgbà tí òǹgbẹ ò gbẹ mí nílé yẹn.

Ìgbà tí mo dé ìdajì géèmù náà ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àgbàlagbà ni, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Kì í wọlé. Kì í kí ẹnikẹ́ni. Á kàn dúró sí ibi tí òjìji rẹ̀ á ti bọ́ sórí bẹ́ńṣì wa, á wá máa wo àwọn ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ á máa mì. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń kà wọ́n ni. Tó bá kà wọ́n tán, á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ní aago kan náà, òjìji yẹn á tún bọ́ lé wa lẹ́sẹ̀.

Kí n sọ òótọ́ tó wà nínú ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi kan Àlàájà, nítorí èmi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń sá níléèwé wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ Àlàájà. Ó ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ara mi ò yá, mo fojú ara mi rí mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi lórí bẹ́ńṣì yẹn ní aago mẹ́wàá. Mo sọ fún Àlàájà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lé wọn, wọ́n sì mú ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ, wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: KÒ SÍ ỌMỌ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ṢÁÁJÚ AAGO MÉJÌ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, lọ́jọ́ tí n kò lọ síṣẹ́ pàápàá, n kò tún rí ọmọ kankan níbẹ̀ ṣáájú aago méjì mọ́. Ọ̀rọ̀ tí alága ń tori rẹ̀ kà wọ́n ti ní àtúnṣe ní oṣù kan ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àdúgbò, èmi nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí i.

Lẹ́yìn náà ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ. Obìnrin kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Àlàájà, ẹ bá mi mú ańkárá yẹn wá, mo ti pa èrò dà." Wọn ò tíì gé e. Wọ́n ká a fún un. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ bá òun rán tòun ní apá bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù Pleasure. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ sọ ìdí, ó kàn nawọ́. Òkè ṣẹ́ẹ̀fù ló kọ́kọ́ ṣófo, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹnu tí eyín ń ká. Kò sí ẹni tó sọ fún Àlàájà pé nǹkan kan ń bọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n kàn ń yọ ẹrù tiwọn kúrò lọ́nà rẹ̀.

Ọjọ́rú kan ni mo parí géèmù náà. Òjò ti ṣú láti aago mẹ́ta, kò rọ̀, ó kàn ṣú sí orí páànù bẹ́ẹ̀. Mo dé ibi ògiri. Mo dúró níwájú géètì irin, ìlú méjèèjì pé síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ìdáhùn mẹ́ta jáde: Ṣí géètì. Jẹ́ kó wà ní títì. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àlàájà ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n ti dúró lẹ́yìn mi, téèpù ìwọ̀n wà lọ́rùn wọn.

"Èwo lo máa yàn?"

"Mo máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mà. Mi ò gbè sí ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní torí ìparí bà á jẹ́."

"Tó o bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ta ló ku nídìí géètì?"

Mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Gbólóhùn kan ṣoṣo jáde: Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan géètì. Lẹ́yìn náà, fíìmù ìparí bẹ̀rẹ̀. Oko Òkè tutù yọ̀yọ̀. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ odò ti sán, ilẹ̀kùn ilé Odò ń gbá sọ́tùn-ún sósì nínú atẹ́gùn, kò sí ẹnì kan. Ajá kan gba orí afárá kọjá, etí rẹ̀ kan ti ká, ó wo ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀, ó lọ. Orin gbé e. Ó parí.

Ẹni tí èmi jẹ́ kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú oko, kò sí lórí ògiri, kò sí nínú erùpẹ̀. Ogójì wákàtí ó lé ni mo fi rìn débẹ̀.

N kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo padà sí ibi tí mo ti tọ́jú ìrìn mi, mo yan "Jẹ́ kó wà ní títì". Fíìmù kan náà ni. Oko kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, ajá kan náà, etí kan náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi àwòrán mi dúró lórí ògiri, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo tún padà, mo yan "Ṣí géètì". Fíìmù mìíràn pátápátá nìyẹn, omi wọ Odò, àwọn ọmọ ń pariwo. Ìdáhùn mẹ́ta, ìparí méjì. Wọ́n kàn mú ẹni tí kò gbè sí ẹnì kan, wọ́n kó o kún àwọn Òkè, wọ́n sì yọ ojú rẹ̀ kúrò nínú àwòrán kí ìtìjú má baà mú un.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n!" Mo ti dìde lórí bẹ́ńṣì. "Tí wọn ò bá fẹ́ kí èèyàn yàn án, kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀? Ẹni tí kò gbè sí ẹnì kan ní ìtàn tirẹ̀! Ó yẹ kí ìlú méjèèjì bínú sí i, ó yẹ kí..."

"Ọ̀lẹ ni wọ́n lóòótọ́," ni Àlàájà wí. "Ìwọ náà ńkọ́, kí lo ṣe?"

Wọ́n lọ sí ìdí ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n fa náílọ́ọ̀nù kan jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Léèsì funfun ló wà nínú rẹ̀, ògbólógbòó, tí wọ́n ti fi káńfọ̀ sí. Wọ́n ní ìyá àwọn ọmọbìnrin méjì kan ló ni ín, ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni àkọ́bí, kí wọ́n gé e sí ara òun. Àbúrò ní òun lòun tọ́jú ìyá náà títí tó fi kú, kí wọ́n gé e sí ara òun. Aṣọ náà ò lè tó àwọn méjèèjì. Ó ti pé ọdún méjì tó ti wà lọ́wọ́ Àlàájà.

"Mi ò gbè sí ẹnì kan nínú wọn. Mi ò gé e, mi ò sì fún wọn. Oṣù wo lọ̀kan nínú wọn ò wá bú mi? Ẹ̀gbọ́n ní mo ti tà á. Àbúrò ní mo ti ń wọ̀ ọ́ lọ wòlímọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ wá, wọn ò jọ wá, mo tún ránṣẹ́. Káńfọ̀ tó wà lára ẹ̀ yìí, ta lo rò pé ó ń pààrọ̀ ẹ̀?" Wọ́n ká aṣọ náà padà, eteetí sí eteetí. "Èmi náà wà láàárín, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò ṣófo. Géèmù tìẹ yẹn, ṣé ó fún ẹ láyè láti di nǹkan kan mú?"

Mo ní rárá.

"Ehn-ẹn. Wọn ò fún ẹ ní ìdáhùn kẹta ṣá. Ọ̀nà ìjáde ni wọ́n fún ẹ."

Oníkẹ̀kẹ́ wa ní, "Ẹ ṣáà ti débẹ̀. Ẹ dìde, ó kan bọ́ọ̀lù."

Mo gbọ́ ohun tí Àlàájà wí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe fi ìwé kíkà tèmi yí i padà. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó ṣe géèmù ló kùnà, pé tí wọ́n bá fún ẹni àárín ní àyè tirẹ̀ ní tòótọ́, kedere, tí wọ́n sì kà á sọ́tọ̀, á ṣiṣẹ́. Mo gbé èrò yẹn lọ sí ìpàdé bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù náà ni ìpàdé, ọjọ́ ìmọ́tótó. Láti aago méje sí mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì, kálukú ń kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi máa ń pe ìpàdé ní aago mẹ́wàá gééré, nínú ọgbà alága, kí àwọn èèyàn tó ráyè sá lọ. Ẹrẹ̀ dúdú tí a kó láti inú gọ́tà wà lẹ́bàá ọ̀nà ní òkìtì òkìtì, ó ń gbẹ, ó ń rùn. Bọ́ọ̀tù òjò ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wa. Bóyá kí Àlàájà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n nawọ́ pé àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀, alága ní, "Ọ̀rọ̀ yín là ń sọ, Àlàájà, ẹ ò lè bá wa sọ ọ́." Onílé ṣọ́ọ̀bù wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé," ni alága wí, ó na ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sí mi. "Bá wa fa ìlà sí i. Àwọn tó ní kó kúrò níbí, àwọn tó ní kó dúró níbí. Kálukú á wá fọwọ́ sí i."

Èmi ni mo la ẹnu. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn tí kò fẹ́ dá sí i ńkọ́? Ó yẹ kí àyè tiwọn wà."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín tí ẹlòmíì bá bá a gbé ẹrù tó ti ń rò bí òun ṣe máa gbé e. "Fà á sí i," ló wí.

Mo fà á sí i. Mo fi rúlà wọn ojú ìwé náà kí àwọn àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Mo kọ ọ́ sórí wọn: KÍ WỌ́N KÚRÒ. KÍ WỌ́N DÚRÓ. N KÒ DÁ SÍ I.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn le. Wọ́n á wo àyè kìíní, wọ́n á wo alága. Wọ́n á wo àyè kejì, wọ́n á tún wo alága. Wọ́n á wá rí àyè kẹta, ara wọn á sì rọ̀. Ọkùnrin kan tó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, pé "Kò sí ẹni tó máa lé Àlàájà, àwọn ló rán aṣọ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi," ó tẹ̀ka sí àyè kẹta, ó nu tàdáwà tó wà níka rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì fẹnu sí mi létí: "Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ọpẹ́lọpẹ́ ìlà yín yìí."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí mo fà.

Oníkẹ̀kẹ́ nìkan ló pariwo: "Kí wọ́n dúró o! Ibo ni kí n ti máa gbá bọ́ọ̀lù, inú ọgbà alága?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku èmi nìkan, alága ní, "Ṣé ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ?" Àlàájà gbójú sókè. Wọn ò wo alága, èmi ni wọ́n wò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò mí fún. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì tó wà lára ilẹ̀kùn ni. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mo kọ ọ́, ọjọ́ báyìí ni mo kọ ọ́, láti ìgbà náà kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí ohun tí tíṣà ń wá nílé géèmù lójoojúmọ́, ìyá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ sì jókòó síwájú mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó di ìwé mú kò gbọ́dọ̀ gbè sí ẹnì kan. Òǹgbẹ gbẹ mí. Mo fọwọ́ sí àyè kẹta.

Mo kà á. Kí wọ́n kúrò, mẹ́sàn-án. Kí wọ́n dúró, mẹ́jọ. N kò dá sí i, mẹ́rìnlá.

"Ó dáa," ni alága wí. "Àwọn mẹ́rìnlá yìí, ṣé wọ́n ní kó dúró?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kó kúrò náà."

"Ẹni tí kò dá sí i, ó fi í sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ sì ní kó kúrò. Mẹ́sàn-án pẹ̀lú mẹ́rìnlá, kí ló jẹ́, Tíṣà?"

Ọlọ́run ló gbọ́, ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ̀. "Mẹ́tàlélógún, sà."

"Mẹ́tàlélógún sí mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí."

Kò sí òfin ẹgbẹ́ náà, èyí tí mo kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tó sọ pé ẹni tí kò dá sí ọ̀rọ̀ gbà pẹ̀lú ìgbìmọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa ká tó fọwọ́ sí i. Bí alága bá ti sọ ọ́ ṣáájú, mo mọ ó kéré tán ọkùnrin kan tí ìka rẹ̀ ì bá bọ́ sí àyè mìíràn. Ìlànà tí wọ́n dá lẹ́yìn tí wọ́n ti rí iye tó wà nínú ìwé, ìyẹn kì í ṣe ìlànà rárá. Wọ́n sì dá ẹjọ́ obìnrin náà níwájú rẹ̀ láì jẹ́ kó la ẹnu, lórí ẹ̀sùn tó ti ṣe àtúnṣe sí.

Wọ́n fún Àlàájà ní ọjọ́ méje. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ KÚRÒ sára ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ lé orí ṣọ́ọ̀kì mi gan-an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, ṣẹ́ẹ̀fù ti ṣófo. Wọ́n mú mẹ́mórì káàdì mi láti inú agolo bọ́tìnnì, wọ́n wé e sínú èkísà ańkárá, wọ́n nà án sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, bí ọmọ inú wọn ni wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní:

"Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ fọwọ́ sí?"

"Àyè kẹta ni, mà."

Wọ́n mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọ̀pá aṣọ fún. Wọn ò bú mi. Wọ́n wá gbé náílọ́ọ̀nù léèsì funfun yẹn lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gba èyí. Mo ti sọ ilé yín fún wọn. Ẹ má gé e, ẹ má sì fún ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ di í mú." Wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù, wọ́n lọ sí apá Command, lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ pé wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ni wọ́n ń rán aṣọ fún, ta ló ń sọ ìtàn fún wọn, n kò mọ̀.

Kò sí ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà. Títì ni wọ́n tì í, títì ló sì wà títí mo fi kó kúrò ládùúgbò yẹn. Àwọn ọmọ rí ilé géèmù mìíràn ní ọ̀nà ìsàlẹ̀, tí kò sí ṣọ́ọ̀kì kankan lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Alága kò lọ kà wọ́n níbẹ̀.

Ọmọ ìyá méjì yẹn wá mi rí. Ẹ̀gbọ́n ní olè ni mí. Àbúrò ní irú mi ló ń ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Mo ń pààrọ̀ káńfọ̀, mo ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n jọ wá. Ó ju ọdún kan lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n jọ wá lóòótọ́, kí wọ́n lè jọ bú mi ni, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ èébú, èkejì á parí rẹ̀ fún un. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, mo gbé aṣọ náà jáde, lódindi. Wọ́n jọ gbé e lọ, ọ̀kan di etí náílọ́ọ̀nù kan mú, èkejì di èkejì mú. Ohun tí wọ́n fi ṣe, wọn ò sọ fún mi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kò sí bí ẹni àárín ṣe lè ní ìparí tirẹ̀, irọ́ ló pa. Mo ti rí i. Iṣẹ́ ló gbà, àwọn tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà ni kò ṣe é.

Ìdáhùn ni mò ń béèrè báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe géèmù yẹn, ta ni nínú yín ló wo ẹni tó rìn dé ìdí géètì láì gbè sí ẹnì kan, tó ní fíìmù ajá yẹn ti tó o? Kí ló dé tí ẹ ò fún un ní ohun kan tó lè dì mú? Ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀ yín, òfin wo, ojú ewé wo, ló ní mẹ́rìnlá jẹ́ tiyín? Ta ló gbé ọ̀dà pupa? Onílé ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ rí lára bàtà yín lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin mẹ́tàlá tí ẹ jọ wà nínú àyè yẹn pẹ̀lú mi, ṣé ibẹ̀ lẹ ní kí wọ́n gbé ìka yín lọ?

Èmi ti sọ ibi tí mo fọwọ́ sí, mo sì ti sọ ohun tí mo mọ̀ tí n kò wí. Ó ku ẹ̀yin. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín, ojú ewé rẹ̀ ṣì ní ìlà rúlà mi lára. Ẹ gbé e síta. Ìwé náà dà?